Abẹ́rẹ́ Dúró Sórí Òdo

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi tún àpótí kan ṣe, ìyàwó mi sì ti fún un lórúkọ láti ọjọ́ kìíní: Orogún. Kì í pè é bẹ́ẹ̀ níkọ̀kọ̀. Bí oníbàárà bá wọlé wá rán aṣọ, tó béèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, ìyàwó mi á yọ téèpù kúrò lọ́rùn, á ní mo wà lọ́dọ̀ Orogún òun. Obìnrin kan tilẹ̀ ti bá a sunkún díẹ̀ kó tó mọ̀ pé àpótí onígi ni.

Àpótí náà ò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí bàtà lọ. Ọwọ́ irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń yí, dígí wà lókè rẹ̀, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan sì wà lábẹ́ dígí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé ló dà á sórí ààtàn, èmi ni mo gbé e níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ wáyà iná wò. Ẹ ó so okùn rẹ̀ méjì mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ ó yí ọwọ́ irin náà, òun fúnra rẹ̀ á sì ti iná ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fóòtì jáde, láti mọ̀ bóyá iná ń jò níbi tí kò yẹ kó ti jò. Bí ohun gbogbo bá pé, abẹ́rẹ́ á lọ dúró ní ìpẹ̀kun, níbi tí wọ́n ya nọ́ḿbà mẹ́jọ kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó yó. Bí iná bá ń jò, abẹ́rẹ́ á ṣubú sórí òdo.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ yí i, kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Alántakùn ló jáde.

Mo tú u palẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ìpata inú rẹ̀. Ìyàwó mi ní búrọ́ọ̀ṣì òun ni. Mo wé wáyà tó tín-ín ju irun orí lọ yípo-yípo, mò ń kà á bí mo ṣe ń wé e, bí mo bá sì ti ń sún mọ́ òpin báyìí ni ẹnìkan á kanlẹ̀kùn, á kí mi, màá dáhùn, iye tí mo kà dé á sì fò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wé e. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, a máa wá wò mí bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn. Ó ní mítà tuntun kan tó fi kọ́ bẹ́líìtì bí ọlọ́pàá ṣe ń gbé ìbọn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, ohun tí ẹ ń pọ̀ ẹ̀jẹ̀ lé lórí yìí, mo ní i nínú àpò."

Ìyá ìyàwó mi nìkan ni kò dá sí i. Màámi la máa ń pè é. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kó tó fẹ̀yìn tì wá sọ́dọ̀ wa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, ó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ kan sì wà níbẹ̀ tó ń mú omi gbóná, hítà tí èmi fúnra mi gbé kọ́ ògiri fún un. Màámi fẹ́ràn omi gbígbóná. Àwa yòókù ń wẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú omi tó bá wù ú kó jẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n parí àpótí náà ni Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé táàpù balùwẹ̀ òun ń ta òun. Ó ní bí òun bá ti fọwọ́ kàn án, á ta òun bí oyin. Ìyàwó mi mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní iṣan ọwọ́ àgbàlagbà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n fún un ní ìpara. Àbúrò mi yọ mítà rẹ̀ ní bẹ́líìtì, ó fi kan hítà, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Wọ́n wá bi mí. Mo wà nídìí wáyà wíwé lọ́jọ́ náà, mo ti kà dé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ó lé mọ́kànlá. Mo mi orí. Èmi tí mo fi iná ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ẹnìkan sọ fún mi pé táàpù ń ta òun, mo sì gbà pé kó fi ìpara pa á.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo parí àpótí náà. Mo nu dígí rẹ̀, mo gbé e mọ́ àyà lọ sídìí súwíìṣì àgbà, tó wà nínú yàrá ìránṣọ ìyàwó mi. Mo já iná gbogbo ilé sílẹ̀, nítorí a kì í fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ yẹ wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, ìyàwó mi ò dákẹ́, Màámi náà ń pariwo lókè pé ta ló pa iná òun. Mo mú wáyà pálọ̀, mo yí ọwọ́ irin: abẹ́rẹ́ lọ dùbúlẹ̀ ti mẹ́jọ. Mo mú ti yàrá ìránṣọ: mẹ́jọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọrin. Mo wá mú wáyà tó lọ sídìí hítà Màámi, mo yí i.

Abẹ́rẹ́ ṣubú sórí òdo.

Mo tún un yí. Òdo. Mo yí i kíákíá, mo rọra yí i, mo bẹ̀ ẹ́. Òdo.

Ẹni tó bá gbọ́n, kí ló yẹ kó ṣe? Mo ṣe òdìkejì rẹ̀. Mo ní àpótí yìí ń purọ́. Ẹni gbogbo ló ti sọ fún mi pé àṣedànù ni mò ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó ṣòro fún láti gbà bẹ́ẹ̀ bíi tèmi lọ́jọ́ náà. Wẹ́rẹ́ báyìí ni mo gbà. Mo dá iná padà, mo gbé àpótí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nísàlẹ̀ ilé náà láti wá àléébù rẹ̀.

Mo ya okùn rẹ̀ méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo yí i: mẹ́jọ, bó ṣe yẹ. Mo so wọ́n pọ̀: òdo, bó ṣe yẹ. Mo mú áyọ́ọ̀nù tó ṣì dára, ó ní mẹ́jọ. Mo mú kẹ́tù kan tí mo mọ̀ pé ó ti jóná, ó ní òdo. Gbogbo ohun tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo bi í, kò ṣi ẹyọ kan.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í gun mi láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mítà àbúrò mi, bátìrì kékeré ló fi ń ṣiṣẹ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bi wáyà léèrè ọ̀rọ̀. Irin hítà tó ti là sínú lè má dá ohùn jẹ́jẹ́ lóhùn rárá. Ohùn ńlá ni àpótí tèmi fi ń béèrè, ohùn tí iná ilé pàápàá fi ń sọ̀rọ̀. Àpótí ò purọ́. Hítà ló ń jò. Ìpara la sì fi ń pa á.

Bí mo ṣe ń rò ó báyìí ni mo gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lókè. Màámi ti wọ balùwẹ̀.

Mo ní kí n fara balẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí hítà bá tilẹ̀ ń jò, wáyà ilẹ̀ ṣì wà. Lẹ́yìn ilé gbogbo, irin gígùn kan wà tí a rì mọ́lẹ̀, wáyà kan á sì ti ara hítà wá débẹ̀. Bí iná bá jò, wáyà yẹn ló ń gbé e wọlẹ̀ kó tó kan ara ènìyàn. Tiwa wà níbẹ̀, èmi ni mo rì í, èmi ni mo fi nọ́ọ̀tì idẹ dì í mú.

Ojú mi bọ́ sórí àpótí tó wà níwájú mi. Nọ́ọ̀tì idẹ kan ń dán lára rẹ̀, níbi tí okùn ti ń wọlé.

Nígbà tí mò ń tún un ṣe, nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ti sọnù, irú rẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Mo wá a títí, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kan mo lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé, mo rí ọ̀kan lórí irin wáyà ilẹ̀, mo yọ ọ́, ó sì bá àpótí mu bí ìbejì. Mo fi okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ so wáyà ilẹ̀ náà mọ́bẹ̀, mo ní bó bá di ọ̀la màá ra ìdè mìíràn fún un. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọ̀la náà fi ń dé lójoojúmọ́. Okùn irin yẹn ò dì í mú dáadáa láti ọjọ́ kìíní, òjò sì ti rọ̀ sí i, ó ti dípata, ó ti já. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà ni táàpù ti ń ta Màámi.

Mo sáré. Kì í ṣe pé mo pinnu láti sáré. Ẹsẹ̀ ló gbéra, ó mú mi dání. Mo já wọ yàrá ìránṣọ. Súwíìṣì àgbà wà lára ògiri lẹ́yìn kọ́tìnnì, ibẹ̀ náà sì ni àwọn oníbàárà ti ń bọ́ aṣọ wọ aṣọ. Ọ̀gá ilé-ìwé kan wà níbẹ̀, obìnrin tó síngbọnlẹ̀, tí aṣọ tuntun tó ní píìnì yíká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé èjìká rẹ̀ kan. Ìyàwó mi na apá méjèèjì dí mi lọ́nà. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ohùn ò jáde, àfi nǹkan kan tó jọ ìgbà tí ewúrẹ́ bá fẹ́ sín. Ó bi mí bóyá Orogún ló rán mi wá wo ìhòòhò ènìyàn. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé. Ohun tí mo rí, mi ò ní sọ. Mo já súwíìṣì wálẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé fún mi ní ìgbájú kan, irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tó pẹ́ dé. Mo dúró gbà á, etí mi kejì ló kàn mí. Mò ń fetí sókè. Iná kì í lọ nílé yìí kí Màámi má pariwo. Kí ènìyàn tó ka márùn-ún, á ti béèrè ta ló pa iná òun. Mo ka márùn-ún. Mo ka mẹ́wàá. Omi nìkan ló ń dà.

Ìyàwó mi wo ojú mi, apá rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló ṣe ìyá mi?"

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà nílé wa. Mi ò mọ èyí tí mo tẹ̀ nínú wọn. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wà ní títì láti inú. Mo gbá a, mo gbá a. Ìyàwó mi ń pe "Màámi, Màámi," pẹ̀lú ohùn ọmọ ọdún mẹ́ta, ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù lọ. Nǹkan kan wá sọ sí mi lọ́kàn níbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa nọ́ọ̀tì. Ó ní kí àwọn ènìyàn tó dé, mo lè lọ dá a padà. Ẹ má fi ojú burúkú wò mí. Ẹ̀rù ló rò ó, ṣùgbọ́n inú mi ló ti rò ó.

Ọ̀gá ilé-ìwé ti gòkè tẹ̀lé wa, apá aṣọ kan nínú, apá kan níta. Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi èjìká lé ilẹ̀kùn, òun àti ilẹ̀kùn sì jọ wọlé.

Màámi dúró láàárín balùwẹ̀. Aṣọ ìnura wà láyà rẹ̀. Bàtà rọ́bà òjò dúdú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ìbọ̀wọ́ rọ́bà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń fọ abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, òwú wà létí rẹ̀, ọṣẹ sì dé ìpéǹpéjú. Ó wo ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú gbogbo píìnì rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Ó yọ òwú etí kan.

"Ta ló kú?"

Ìyàwó mi wó lé e lórí. Èmi wó lé ògiri. Màámi ní òun sọ fún dókítà, ó fún òun ní ìpara. Òun sọ fún oníná tó fẹ́ ọmọ òun, ó mi orí bí alángbá. Òun wá rántí ohun tí òun fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, pé iná kì í gba inú rọ́bà kọjá. Láti ìgbà náà ni òun ti ń múra wẹ̀ bí ẹni ń lọ sógun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mi ò lè dá a dúró. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún sí wa. Àtàǹpàkò ìbọ̀wọ́ náà ti ya, ihò kan wà níbẹ̀ tó tó ẹyọ ẹ̀wà. Ó ní ìgbà tí òun na ọwọ́ láti ti táàpù ni òun rí i. Ibi tí òun ti ń ro ọwọ́ tí òun máa lò ni iná ti lọ, òun ò sì ráyè pariwo.

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi.

Nígbà tó di ọ̀sán, àbúrò mi tú hítà, ó mú irin inú rẹ̀ jáde. Ó ti là gbọọrọ. Ó wò ó títí, ó yọ mítà kúrò ní bẹ́líìtì, ó kì í bọ àpò. Ó ní òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá òun. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n wá fi àpótí náà yẹ gbogbo wáyà ilé-ìwé òun wò, kò mẹ́nu kan ìgbájú. Ìyàwó mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí náà, ó tẹ́ aṣọ sí i nídìí, ó gbé e ka orí tábìlì ìjẹun wa. Ó ní láti òní lọ, kì í ṣe Orogún mọ́. Ìyálé ni.

Ìbéèrè tí wọ́n fi ń dà mí láàmú fún oṣù mẹ́rin, pé kí ni èrè rẹ̀, gbogbo wọn ló dá a lóhùn lọ́jọ́ kan náà, ìdáhùn wọn sì dùn. Mo jókòó sáàárín ìyìn, mò ń yí oúnjẹ kiri nínú àwo. Kí àbúrò mi tó dé, mo ti sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níkòríta, mo ra ìdè tuntun, mo fi di wáyà ilẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà mí.

Àbúrò mi ló béèrè. Ó ní ohun kan ò yé òun: bí hítà bá ń jò, kí ló dé tí wáyà ilẹ̀ ò gbé iná náà lọ? Ó jáde lọ wò ó. Ó padà wọlé, ó ní ó le dan-in. Ó gbé èjìká, ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà kọjá. Mo rí i tó kọjá, bí ọkọ̀ tí ènìyàn lè wọ̀ tàbí kó jẹ́ kó lọ.

Màámi ò jẹun. Ojú mi ló ń wò. Ẹni tó ti ṣọ́ àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngán ìdánwò fún ogójì ọdún mọ bí ojú ẹni tó kọ ìwé sí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń rí.

Mo mú sípánà. Mo tú nọ́ọ̀tì idẹ kúrò lára àpótí, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì sọ ibi tí mo ti yọ ọ́, mo sọ ìgbà tí mo yọ ọ́, mo sọ ìgbà tí mo dí àyè rẹ̀.

Àbúrò mi ti àwo rẹ̀ kúrò níwájú. Ìyàwó mi gbé àpótí kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sílẹ̀, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Màámi ní, "Nígbà tí mo ní ó ń ta mí, ṣé o mọ̀ pé òun ni?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Ṣé o bi ara rẹ?"

"Rárá, Mà."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó fa oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, a fi irin tuntun sí hítà. Mo fi nọ́ọ̀tì mìíràn tí kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu sí àpótí, mo so ó mọ́ wáyà, mo yí i lójú gbogbo wọn: mẹ́jọ. Mo dá iná padà. Mo sọ fún Màámi pé omi ti ń gbóná. Ó ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀. Ó ní láìwọ bàtà, láìwọ ìbọ̀wọ́. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ìyàwó mi, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Sátidé, dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Mo wọlé. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Táàpù wà níbẹ̀, ó ń dán, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ ti sọ̀rọ̀, kò sì sí wáyà kan nínú àpótí náà tí mi ò fi ọwọ́ ara mi wé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọwọ́ tó wé e náà ló gbàgbé wáyà ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bí ẹlòmíràn bá tún un ṣe ni, bóyá ǹ bá ti wẹ̀ tán.

Mo na ọwọ́, mo fà á padà. Mo nà á lẹ́ẹ̀kejì, ó kù bí ìbú ìka kan. Mo di ojú, mo di ehín, mo gbá táàpù mú bí ẹni gbá ejò lọ́rùn mú.

Kò ta mí. Mo yí i. Omi dà, ó gbóná, ó ń rú èéfín. Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi pẹ̀lú gbogbo aṣọ lọ́rùn, mi ò sì fi táàpù sílẹ̀.

Ohùn Màámi wọlé láti ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o ti kú?"

"Rárá, Mà."

"Ṣì dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i."